Lẹ́tà, Ìpàdé àti Ojú Iṣẹ́: Bí Ẹ̀kọ́ Ọ̀nà Jíjìn Ṣe Rìn Dé Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Láti ọdún 2020 tí àrùn kòrónà ti ti ilé ẹ̀kọ́ pa ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó ti ń sọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ aládàpọ̀ bí ẹni pé fóònù ló bí i. Ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé: akẹ́kọ̀ọ́ á ka apá kan nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ níbi tí ó bá wà, á sì pàdé olùkọ́ lójúkojú fún apá yòókù. Àwọn kan gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n ní ayé ti lajú. Àwọn mìíràn ní ẹni tí kò bá jókòó síwájú olùkọ́ kò tíì kàwé. Ìhà méjèèjì ló gbàgbé pé ọ̀nà yìí ti pẹ́ ní ilẹ̀ wa. Kí fóònù tó dé rárá ni àwọn bàbá àti ìyá wa ti ń fi lẹ́tà, ìwé títẹ̀ àti ìpàdé àsìkò ìsinmi kàwé gboyè. Ìtàn náà gùn tó láti fi ohun tí ó máa ń dúró àti ohun tí ó máa ń wó hàn wá. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn máa ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbi tí ohun mẹ́ta bá ti pé: ohun kíkà tí ń dé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ìpàdé pẹ̀lú olùkọ́, àti iṣẹ́ gidi tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe lójú ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Kò sì sí ẹ̀kọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn tó ti àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́fíà ní yunifásítì, àwọn tí a fẹ́ kí wọ́n máa tọ́jú ọmọ tí kò ní alágbàtọ́, ìyàwó tí ọkọ ń lù, arúgbó tí ẹbí ti kọ̀ sílẹ̀ àti aláìsàn tí kò rí owó oògùn san.

Lẹ́tà ló kọ́kọ́ dé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti àwọn ọdún 1840 ni Isaac Pitman ti ń fi ìwé ránṣẹ́ láti kọ́ àwọn ènìyàn ní ìkọ̀wé kíákíá. Ní ọdún 1858, Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù gbà kí ẹni tí kò wá sí ọgbà rẹ̀ rárá ṣe ìdánwò oyè rẹ̀. Ilẹ̀kùn yìí ni àwọn akọ̀wé ìjọba, olùkọ́ àti oníṣòwò ní ilẹ̀ Yorùbá gbà wọlé. Wolsey Hall ní Oxford àti Rapid Results College ní Lọ́ńdọ̀nù di orúkọ tí gbogbo ẹni tí ń wá ìlọsíwájú mọ̀, nítorí àwọn ló ń fi ìwé ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ọ̀nà yìí ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fi gba oyè ìmọ̀ ìṣòwò ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1944, nígbà tí ó ti ní ìyàwó àti ọmọ, tí iṣẹ́ òòjọ́ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Àṣeyọrí bẹ́ẹ̀ yẹ fún ìyìn, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó tàn wá jẹ. Àwọn tí ó yege ni ìtàn ń dárúkọ. Àwọn tí ìwé wọn dákẹ́ sínú àpótí nítorí pé kò sí ẹni tí wọ́n lè bi ní ìbéèrè kò ní òpìtàn. Lẹ́tà fún ènìyàn ní ohun kíkà, àmọ́ kò fún un ní olùkọ́ tí yóò rí ojú rẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá rú u lójú. Ẹni tí ó bá le bí òkúta nìkan ló lè fi í débi tí ó ń lọ, bẹ́ẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ tí ìlú lè gbára lé kò gbọdọ̀ jẹ́ ti àwọn alágbára nìkan.

Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn ló fi ẹsẹ̀ kejì, ìyẹn ìpàdé pẹ̀lú olùkọ́, kún un. Ọdún 1948 ni wọ́n dá a sílẹ̀, nígbà tí ó sì di ọdún 1949 ó ti ní ẹ̀ka kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbé ẹ̀kọ́ jáde kúrò nínú ọgbà lọ bá àwọn àgbàlagbà ní ìlú wọn. Robert Gardiner, ọmọ ilẹ̀ Gánà, ni olùdarí rẹ̀ àkọ́kọ́. Ayọ̀ Ògúnṣẹ̀yẹ wà lára àwọn tí ó darí rẹ̀ lẹ́yìn náà. Àwọn olùkọ́ ẹ̀ka náà, tí Ulli Beier jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n ń kọ́ àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́, akọ̀wé àti òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ á ka ìwé rẹ̀ fúnra rẹ̀, á wá mú àríyànjiyàn rẹ̀ wá síwájú olùkọ́ àti ẹlẹgbẹ́. Ẹ̀ka yìí ló di Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Àgbà ní Ìbàdàn, abẹ́ rẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ iṣẹ́ wẹ́fíà ti dàgbà ní yunifásítì náà kí ó tó dá dúró. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn. Kì í ṣe àsọdùn bí a bá sọ pé, ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ wẹ́fíà ní yunifásítì àti ẹ̀kọ́ tí ń bá ènìyàn nílé jáde láti abẹ́ òrùlé kan náà. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀kọ́ aládàpọ̀ jẹ́ àjèjì sí iṣẹ́ yìí kò tíì wo ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ dáadáa.

Iṣẹ́ wẹ́fíà fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ìjọba, bẹ̀rẹ̀ láti ojú pópó, kì í ṣe láti inú kíláàsì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940, àwọn ọmọ tí ń sùn sí ọjà àti ibùdókọ̀ ní Èkó ti pọ̀ débi pé ìjọba amúnisìn yan Donald Faulkner láti mójú tó ọ̀rọ̀ wọn. Òfin lórí àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ jáde ní ọdún 1943. Lẹ́yìn náà ni Alison Izzett wá gba iṣẹ́ ti àwọn ọmọbìnrin mọ́ra. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó bá wọn ṣiṣẹ́ kọ́ ọ lẹ́nu iṣẹ́: wọ́n ń tẹ̀lé ọ̀gá wọn lọ sí ilé ẹjọ́, wọ́n ń lọ wo ilé tí ọmọ ti wá, wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀ kí adájọ́ lè lò ó. Ní Accra, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ilé ẹ̀kọ́ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dìde. A kò gbọdọ̀ fi ojú fo àìdára ìgbà náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ń kiri ọjà láti ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ ni àwọn òyìnbó kà sí ọmọ tó sọnù, nítorí pé wọn kò mọ bí ìdílé Yorùbá ṣe ń tọ́ ọmọ. Àṣìṣe yìí gan-an ló jẹ́ ká mọ ìdí tí òṣìṣẹ́ wẹ́fíà fi gbọ́dọ̀ mọ àdúgbò tí ó ń ṣiṣẹ́ sí. Ẹni tí ó bá kọ́ ìlànà láti inú ìwé láì mọ ojú ilé àti ìyàtọ̀ láàrin ọmọ tí ń bá ìyá rẹ̀ tajà àti ọmọ tí wọ́n ń jẹ níyà lè ṣe ọṣẹ́ pẹ̀lú ọkàn rere.

Ní Oǹdó, ọ̀rọ̀ olùkọ́ ló mú ẹsẹ̀ kẹta, ìyẹn iṣẹ́ gidi, wọlé. Ìlú yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fẹ́ràn ìwé: Kánọ́ọ̀nù M. C. Adéyẹmí ti dá Ondo Boys' High School sílẹ̀ láti ọdún 1919. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1955, lábẹ́ ètò tí Stephen Olúwọlé Awókòyà gbé kalẹ̀, ọmọ pọ̀ ju olùkọ́ lọ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n fi orúkọ Kánọ́ọ̀nù Adéyẹmí pè dìde ní Oǹdó ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ó sì bá Yunifásítì Ifẹ̀ ṣe pọ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó di yunifásítì fúnra rẹ̀ láìpẹ́ yìí. Níbẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tí gbogbo ènìyàn ń pè ní sáńwíìṣì ti gbilẹ̀. Olùkọ́ tí ó ń ṣiṣẹ́ ní abúlé á máa kọ́ ọmọ ní gbogbo sáà, bí ìsinmi bá dé á wá sí Oǹdó láti jókòó sí kíláàsì, á padà lọ pẹ̀lú iṣẹ́ tí yóò ṣe. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ jákèjádò Nàìjíríà ní ọdún 1976, ọdún yẹn náà ni wọ́n dá National Teachers' Institute sílẹ̀ ní Kàdúná. Ìwé títẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ náà ń kó fún àwọn olùkọ́ níbi tí wọ́n wà, ó ń pè wọ́n jọ ní òpin ọ̀sẹ̀, ó sì ń rán ènìyàn lọ wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń kọ́ni nínú kíláàsì tiwọn. Ìdí tí ètò méjèèjì fi pẹ́ hàn kedere sí mi. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kà ní ọjọ́ Sátidé, ó lè lò ó níwájú àwọn ọmọ ní ọjọ́ Ajé, bí kò bá sì ṣe déédéé, ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ fi hàn án. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń jẹ́ kí ìwé tètè yé e.

Ẹ fi èyí wé ohun tí kò ní ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1959, ọ̀kan lára ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ sì ni láti mú ẹ̀kọ́ dé ilé ìwé tí kò ní olùkọ́ tó. Èrò rere ni, ṣùgbọ́n àpótí náà ń sọ̀rọ̀, kò lè gbọ́ èsì. Ní ọdún 1983, ìjọba Shàgàrí gbé òfin Yunifásítì Aláìníbodè, tí yóò máa kọ́ni láti ọ̀nà jíjìn, kalẹ̀. Nígbà tí ó fi máa di oṣù Igbe ọdún 1984, ìjọba ológun ti tì í. Ó di ìgbà Ọbásanjọ́, láti ọdún 2001, kí ó tó jí padà, ó sì ní ibùdó ẹ̀kọ́ ní Àkúrẹ́ lónìí. Àwọn kan lè sọ pé àìlówó àti àṣẹ ológun ló ti yunifásítì yẹn pa, kì í ṣe àìpé ẹsẹ̀ rẹ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ó jí ló ṣe pàtàkì fún àríyànjiyàn yìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé ẹ̀kọ́ amòfin kọ̀ láti gba àwọn tí ó kàwé òfin níbẹ̀, nítorí pé wọ́n ka ẹ̀kọ́ wọn sí ẹ̀kọ́ inú lẹ́tà. Ọdún 2018 ni wọ́n tó tún òfin yunifásítì náà ṣe. Ẹ wo bí ó ti rí: iṣẹ́ tí ènìyàn fi ń gbà dúró fún ẹlòmíràn ni amòfin ń ṣe, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sì ni ìlú kì í fẹ́ gbà pé ìwé nìkan tó fún. Iṣẹ́ wẹ́fíà wà nínú ẹgbẹ́ yẹn. Bí a bá fẹ́ kí adájọ́, dókítà àti ọlọ́pàá bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó kọ́ ọ nípa ẹ̀kọ́ aládàpọ̀, a gbọ́dọ̀ lè fi ibi tí ó ti ṣiṣẹ́ àti ẹni tí ó mójú tó o hàn wọ́n.

Àwọn orílẹ̀-èdè tí ó lọ jìnnà jù nínú ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kò sọ ohun tó yàtọ̀. Ní Amẹ́ríkà, University of Southern California bẹ̀rẹ̀ sí fi íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ni ní oyè kejì iṣẹ́ yìí ní ọdún 2010, àwọn yunifásítì mìíràn sì tẹ̀ lé e. Síbẹ̀, àjọ tí ń fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ náà níbẹ̀ kò yí òdiwọ̀n rẹ̀ padà: ó kéré tán, wákàtí 400 lójú iṣẹ́ fún oyè àkọ́kọ́, 900 fún oyè kejì, ibi yòówù kí akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ka ìwé rẹ̀. Ìlànà àgbáyé tí àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti olùkọ́ iṣẹ́ náà fọwọ́ sí ní ọdún 2004, tí wọ́n tún yẹ̀ wò ní 2020, fi ẹ̀kọ́ ojú iṣẹ́ sí àárín gbùngbùn. Ìyẹn ni pé wọ́n lè gbé kíláàsì lọ sórí ẹ̀rọ, wọn kò gbé ilé aláìní lọ síbẹ̀.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó fúnra rẹ̀ ti fi hàn wá bí fóònù àti ẹsẹ̀ ṣe lè ṣiṣẹ́ pọ̀. Ní ọdún 2009, ìjọba Olúṣẹ́gun Mímikò bẹ̀rẹ̀ ètò Àbíyè ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọrẹ̀, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́, nítorí àwọn aláboyún tí ń kú nígbà ìbímọ. Wọ́n fún àwọn aláboyún ní fóònù, wọ́n sì yan àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí yóò máa tọ̀ wọ́n lọ sílé. Ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ ṣí ní Àkúrẹ́ ní ọdún 2010, Oǹdó náà sì ní tirẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún àwọn tí ń kọ́ni ní iṣẹ́ wẹ́fíà tóbi. Kò sí ẹni tí ó rò pé fóònù yóò gba ẹ̀bí. Iṣẹ́ fóònù ni láti jẹ́ kí òṣìṣẹ́ mọ ilé tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ yà, kí aláboyún sì rí ẹni tí yóò pè kí ọ̀rọ̀ tó bọ́ sórí. Bí ẹ̀kọ́ aládàpọ̀ yóò bá jẹ́ kí ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wà nínú iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀nà yìí ni kí ó gbà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ lo ọjọ́ méjì nínú ọ̀sẹ̀ ní ọ́fíìsì wẹ́fíà ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ilé ìwòsàn. Kí ohun tí yóò kà lórí fóònù ní alẹ́ jẹ mọ́ ohun tí ojú rẹ̀ rí ní ọ̀sán. Kí ìpàdé pẹ̀lú olùkọ́ jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń tú ẹjọ́ tí ó ta kókó, dípò ibi tí ẹnì kan ti ń ka ìwé tí gbogbo wọn lè kà fúnra wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ọmọ ọlọ́dún mẹ́wàá kan ń dúró de ìdáhùn lọ́dọ̀ rẹ̀ kò nílò ìjìyà kí ó tó ṣí ìwé.

Àwọn àtakò kan wà tí kò yẹ kí a fojú tẹ́ńbẹ́lú. Àkọ́kọ́ ni ti iná àti dátà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń gbé ní Oda tàbí ní abúlé lẹ́yìn Oǹdó lè má rí iná fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, owó dátà sì lè gba owó oúnjẹ rẹ̀. Òtítọ́ ni èyí, ṣùgbọ́n ètò tí ó nílò fídíò gígùn lójoojúmọ́ ni ó ń pa lára jù. Ìwé kíkà lásán kì í jẹ dátà púpọ̀, a sì lè gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan fún odidi sáà. Ohùn tí olùkọ́ gbà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún lè dé orí WhatsApp láì ná akẹ́kọ̀ọ́ ní ohun púpọ̀. Ìwé títẹ̀ ṣì wà, National Teachers' Institute ti fi í kọ́ àìlóǹkà ènìyàn kí fóònù tó dé. Ẹ tún jẹ́ kí a ronú lórí ohun tí àìsí ètò yìí ti ná wa. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì gba láti oṣù Ẹrẹ́nà dé oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2020. Ti 2022 gba oṣù mẹ́jọ. Olùkọ́ ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè owó iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀kọ́ orí fóònù kò sì gbọdọ̀ di ohun tí ìjọba yóò fi gba ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti ní ìwé rẹ̀ lọ́wọ́, tí ó sì ti fìdí múlẹ̀ ní ọ́fíìsì wẹ́fíà àdúgbò rẹ̀, kò ní jókòó lásán fún oṣù mẹ́jọ.

Àtakò kejì wuwo jù bẹ́ẹ̀ lọ: pé ìwà ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ yìí, ìwà kì í sì í gba orí ẹ̀rọ wọlé. Mo gbà pé ìwà ni ìpìlẹ̀. Sùúrù, ìpamọ́ra àti ọ̀wọ̀ fún ẹni tí ìyà ń jẹ kò sí nínú ìwé kankan bí ẹnikẹ́ni kò bá fi hàn wá. Ṣùgbọ́n kíláàsì tí akẹ́kọ̀ọ́ 200 kún inú rẹ̀, tí olùkọ́ kò mọ orúkọ ìdajì wọn, kì í ṣe ibi tí ìwà ti ń wọlé náà. Ọ̀dọ̀ àgbà tí a ń tẹ̀lé lẹ́nu iṣẹ́ ni a ti ń kọ́ ọ. Bí ẹ̀kọ́ aládàpọ̀ bá gba kíkà kúrò nínú kíláàsì, tí ó sì fi wákàtí tí ó ṣẹ́ kù sí ojú iṣẹ́ àti ìpàdé àwọn ènìyàn díẹ̀díẹ̀, ìwà yóò rí àyè wọlé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ńṣe ni ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ lò ó láti dín owó olùkọ́ kù, kí ó sì gba akẹ́kọ̀ọ́ sí i láìsí alábòójútó, àwọn alátakò jàre, kí a má sì gbà fún un.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ àṣírí. Ìyà tí obìnrin kan jẹ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ di ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn. Ní ìlú bí Oǹdó, tí ẹbí kan mọ ẹbí kejì, yíyọ orúkọ kúrò nìkan kò tó. Orúkọ àdúgbò àti iye ọmọ lè tú àṣírí rẹ̀. Òfin ààbò ìsọfúnni tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 ti fún wa ní ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó kù ni kí ilé ẹ̀kọ́ pín in sí méjì: ohun tí ó bá jẹ́ ìlànà àti ìmọ̀ lè gba orí fóònù, ṣùgbọ́n ohun tí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kan pàtó, ìpàdé ojúkojú ni ibi rẹ̀, lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí a tì. Ẹ̀kọ́ nípa àṣírí pàápàá nìyẹn, nítorí pé òṣìṣẹ́ tí kò bá kọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ dúró nígbà tí ó wà ní akẹ́kọ̀ọ́ kò ní mọ̀ ọ́n nígbà tí ó bá di ọ̀gá.

Àìní tí ń dúró de àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí kò kéré. Ní ọjọ́ 5 oṣù Òkúdu ọdún 2022, àwọn agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ti St. Francis ní Ọ̀wọ̀, wọ́n sì pa àwọn ènìyàn tí kò dín ní 40. Dókítà tọ́jú ojú ọgbẹ́. Àwọn tí yóò jókòó ti ọmọ òrukàn àti opó fún oṣù àti ọdún lẹ́yìn tí ariwo rọlẹ̀ ni Ìpínlẹ̀ Oǹdó kò ní tó. Yunifásítì wà ní Àkúrẹ́, ó wà ní Oǹdó, ó wà ní Àkùngbá. Ọ́fíìsì wẹ́fíà àti ilé ìwòsàn wà káàkiri. Ohun tí ó yẹ kí ìjọba àti àwọn yunifásítì kọ́kọ́ ná owó sí ni àwọn àgbà òṣìṣẹ́ tí yóò máa mójú tó akẹ́kọ̀ọ́ lójú iṣẹ́, kí a máa sanwó fún wọn, kí a sì kà wọ́n sí olùkọ́, ṣáájú kí a tó ra ẹ̀rọ kankan. Ẹ̀rọ rọrùn láti rà, ó sì rọrùn láti ya fọ́tò rẹ̀ ní ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ìtàn láti ìgbà lẹ́tà dé ìgbà fóònù sọ fún wa ni pé ẹsẹ̀ kẹta, èyí tí ó máa ń náni ní owó àti àkókò jù, ni a máa ń kọ́kọ́ fi sílẹ̀, òun náà sì ni èyí tí ìyókù kò lè dúró láìsí rẹ̀.